Àdín Lójú Àpótí Ọ̀gá Rájí

Ẹ̀yin ọmọ tó máa ń wá jókòó sí ìloro mi lọ́sàn-án, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ fótò ṣì lè bọ́ ènìyàn, mi ò ní í tàn yín jẹ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Ìyàwó tuntun kì í wá sọ́dọ̀ mi mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń ya ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò pé fótò nìkan ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ẹ ò tíì gbọ́ ìtàn mi. Ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́. Ẹni tó bá mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, ebi lè pa á díẹ̀, àmọ́ kò ní í ṣàìríṣẹ́ ṣe.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, Sìfáwù, ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tún sọ sí mi lọ́kàn. Ó mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kútọnu láìpẹ́ yìí. Ògiri díńgí kan wà níbẹ̀ tó funfun bí ògì, o ò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Sìfáwù tẹ nǹkan kan, díńgí náà mọ́ lójú ẹsẹ̀, mo sì rí àwọn ọ̀gá wọn tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká, tí ọ̀kan nínú wọn ń yán. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó padà di ògì. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi.

Ó ní inú díńgí náà kún fún ẹ̀kán kéékèèké tójú kò lè dá mọ̀. Bí kò bá sí iná mànàmáná nínú rẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á kọjú síbi tó wù ú, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé á máa kọlù wọ́n, á máa fọ́n ká, ohun tí a ó rí kò ní í ju funfun lọ. Bí iná bá dé, gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà, ìmọ́lẹ̀ á sì rí ọ̀nà kọjá tààrà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Mo ní, “Sìfáwù, iṣẹ́ yìí, àdín àti àtẹ́lẹwọ́ la fi ń ṣe é ní Adja-Ouèrè kí wọ́n tó bí bàbá rẹ.” Ó wò mí bí ẹni tó ń wo arúgbó tó ti ń ṣìwèrè díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n sọ ọ́ létòlétò, kí ó má baà dà bí irọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ta àsíá òmìnira ni bàbá mi mú mi wá láti Oko-Akarè sọ́dọ̀ Ọ̀gá Rájí, oníṣẹ́ fótò ní Adja-Ouèrè yìí, kí n wá kọ́ṣẹ́. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n mu omi, bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ wọn padà sílé. Àwọn kan ní ìsọ̀ wá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló rí obìnrin tó ń gbé àpótí fótò rí. Ọ̀gá ní, “Ojú ni mo ń wá, kì í ṣe irùngbọ̀n.” Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe parí.

Ọmọ Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa, ni Ọ̀gá Rájí, ìmàle òdodo, tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí pákò kì í kúrò lẹ́nu wọn láàárọ̀. Ìyàwó wọn, Ìyá Mulíkà, ọmọ ibí ni, àdín ni wọ́n ń ṣe, tí gbogbo Adja-Ouèrè ń rà á. Àpótí fótò Ọ̀gá jẹ́ pákó lásán lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, káfíńtà ibí yìí ló kàn án. Díńgí tó wà níwájú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ojú àpótí, òun ni nǹkan. Ọ̀gá tiwọn ní Àjàṣẹ́ ló yọ ọ́ lára ẹ̀rọ ara rẹ̀ tó fi ta wọ́n lọ́rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gba òmìnira iṣẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo rò pé bí ilé bá ń jó, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e jáde kí wọ́n tó rántí bàtà wọn.

Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kí n sún mọ́ àpótí. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo fọ ìwé fótò, mo sá a. Iṣẹ́ ojú ni wọ́n fi mí sí. Wọ́n á mú mi lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ epo, wọ́n á nawọ́ sí èéfín tó ń gòkè.

Wọ́n á ní, “Kí lo rí?”

Mo ní èéfín ni. Wọ́n bi mí ní àwọ̀ rẹ̀. Mo ní funfun. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ sílé, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí oòrùn fi yẹ̀ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá mi wí, wọn kì í na ènìyàn. Ẹ wò ó, ẹgba ìbá dára jù. Ìgbà tí mo padà lọ dúró síbẹ̀ fúnra mi ni mo rí i pé níbi tí èéfín náà ti kọjá níwájú igbó dúdú, ó dà bí aró tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo wò ó kó wà láàárín èmi àti oòrùn, ó pọ́n bí epo. Èéfín kan náà ni.

Mo sáré wá sọ fún wọn. Wọ́n yọ pákò lẹ́nu, wọ́n ní, “Ìmọ́lẹ̀ kò ní ẹ̀tàn, Àṣàkẹ́. Bó bá rí ọ̀nà, á gba ibẹ̀ tààrà. Bó bá pàdé nǹkan kéékèèké, á fọ́n ká. Bí fótò bá bàjẹ́, má bi mí ta ló ṣe é. Bi mí pé kí ni ìmọ́lẹ̀ pàdé lọ́nà.” Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ mi. Ìyókù, àlàyé ni.

Lẹ́yìn àpótí, díńgí funfun kan wà tí àwòrán ẹni tó jókòó máa ń dà lé, ní ìdojúdé, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Lọ́jọ́ kan tí à ń bọ̀ láti oko lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ dúdú agbègbè Ọ̀họ̀rí lẹ̀ mọ́ Ọ̀gá lẹ́sẹ̀, wọ́n yọ̀, díńgí náà fọ́. Ibo lẹ fẹ́ ti rà á? Ọ̀gá gba díńgí fèrèsé kan lọ́wọ́ káfíńtà, wọ́n da iyanrìn kíkúnná àti omi lé e, wọ́n fi òmíràn lé e lórí, wọ́n ní kí n máa lọ̀ ọ́ yíká yíká. Mo lọ̀ ọ́ títí apá mi fi fẹ́ já. Díńgí tó mọ́ bí omi di funfun. Wọ́n ní a ò fi nǹkan kan kún un. Ihò kéékèèké ni iyanrìn gbẹ́ sí ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ibẹ̀ ò mọ ọ̀nà mọ́, á dúró, á sì di àwòrán. Inú mi dùn sí díńgí yẹn bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Ìyá Mulíkà ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Wọ́n wá wo bí àwòrán oníbàárà ṣe dojúdé, wọ́n sì nawọ́ sí orí ọkùnrin náà, àtàǹpàkò wọn tó kún fún àdín kan díńgí. Níbi tó kàn, orí ọkùnrin náà pòórá, ihò kan là sí àárín funfun náà bíi fèrèsé, mo sì rí inú àpótí títí dé iwájú. Ọ̀gá figbe ta. Nígbà tí ara wọn rọlẹ̀, wọ́n ṣàlàyé pé àdín ti dí àwọn ihò náà, ó sọ wọ́n di pẹrẹsẹ, ìmọ́lẹ̀ sì tún rí ọ̀nà rẹ̀. Ìyá Mulíkà ní tí ó bá jẹ́ pé àdín òun lè la díńgí lójú báyìí, kí ni Bàbá Mulíkà fi ń pariwo. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí màá nílò àtàǹpàkò yẹn.

Ọdún ń gorí ọdún, mo gba òmìnira, mi ò sì kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ ní Pobè, ìlú tó wà nítòsí wa, ti ń lo ẹ̀rọ pẹlẹbẹ oní-fíìmù tó ń mọ́lẹ̀ yẹ̀rì. Ọ̀gá ní ohun tó bá ń yára báyẹn kò ní í ríran dáadáa. Ìjọba Rẹfolúsíọ̀n dé, àwọn Fọ̀n ń pè é ní Ehuzu, pé nǹkan ti yí padà, wọ́n ní kí oníkálukú máa pe ara wọn ní kamaráàdì. Ọ̀gá ní kò sí ìjọba tó lè mú òun pe ìyá ìyàwó òun ní kamaráàdì.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà lórí ojú àpótí. Wọ́n á wọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo ẹ̀yìn àpótí, wọ́n á jáde, wọ́n á ní, “Àṣàkẹ́, o ò nù ún.” Màá nù ún. Wọ́n á tún ní mi ò nù ún. Ó dùn mí, torí mo fẹ́ràn wọn, mo sì mọ̀ pé mo nù ún. Ó yẹ kí n ti bi ara mi ní ohun tí wọ́n kọ́ mi: kí ni ìmọ́lẹ̀ pàdé lọ́nà? Ṣùgbọ́n ta ni í wá kùrukùru lójú ọ̀gá rẹ̀?

Délégé Kpoulou, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí abúlé náà, wá, ó ní gbogbo ará ìlú òun fẹ́ ya fótò káàdì, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ẹ, bí a ò bá lè ṣe é, òun á pe àwọn ará Pobè. Ọ̀gá ní a ó dé. Nígbà tí mo padà láti ibi tí mo ti lọ pọnmi, mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, ojú àpótí wà lọ́wọ́ wọn, kànìnkànìn lọ́wọ́ kejì, eérú ògùsọ̀ sì wà nínú àwo níwájú wọn. Eérú ògùsọ̀ ni gbogbo wa fi ń fọ ìkòkò níbí. Ohun tí ọṣẹ bá kọ̀, òun ló ń ṣí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. “Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan. Wò ó, ó ti mọ́.”

Mo gbà á. Ó ti funfun. Bí mo ṣe fi iyanrìn lọ díńgí ẹ̀yìn lọ́jọ́sí ni wọ́n ṣe fi eérú lọ ojú àpótí, ogún ọ̀gá wọn, tí wọn kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ lé. Wọn ò sì rí i. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ní ó mọ́. Ìgbà yẹn ni mo wo ẹyinjú wọn dáadáa nínú oòrùn, mo rí i pé funfun ti ń bo dúdú rẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá Mulíkà níbi tí wọ́n ti ń yan èkùrọ́, mo sọ ohun méjèèjì fún wọn. Wọ́n ń ro àdín lórí iná, wọn ò dá iṣẹ́ dúró, omijé ń dà lójú wọn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọ́n ní, “Ti ojú wọn, màá wá bí màá ṣe sọ ọ́. Ti díńgí yìí, wọn ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí Bàbá Mulíkà bá mọ̀ pé ọwọ́ òun lòun fi ba nǹkan yìí jẹ́, wọ́n á ká àpótí kúrò, wọ́n á jókòó sínú ilé, wọ́n á máa dúró de ikú. Mo mọ ọkọ mi.”

Mo ní, “Ìyá, àtàǹpàkò yín.”

Wọ́n kọ́kọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ìka bọ àdín tó ti tutù díẹ̀, wọ́n fi kan ojú àpótí. Mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún títí ó fi kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Díńgí náà là. Kò là tán, àmọ́ ó là. Ìyá Mulíkà so mọ́ mi lọ́rùn pẹ̀lú gbogbo epo ọwọ́ wọn.

Ní Kpoulou lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń faṣọ bo orí, tí wọ́n jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá arúgbó kan ló kọ́kọ́ jókòó, tí wọn ò ya fótò rí láyé wọn. Ọ̀gá wọ abẹ́ aṣọ, wọ́n ní ó dára. Èmi náà yọjú wò ó. Funfun! Gbogbo rẹ̀ ti padà di ògì. Mo wo iwájú àpótí, mo rí i: òtútù ti mú àdín dì sójú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àdín á mọ́ gaara bó bá gbóná, bó bá dì tán, kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá mọ́. Délégé ń wò mí. Ọ̀gá ti fẹ́ ṣí ìdérí.

Mo ní eruku ló bà lé e, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi láyè díẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú àpótí, mo sì di í mú bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú lọ́jà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ àgbàdo wọn lọ́wọ́ bàbá náà, bóyá òjò jẹ́ kó gbó.

Bàbá wò mí lọ títí, wọ́n ní, “Ọmọ, ṣé ẹ̀rọ yín ń sùn ni?”

Mo ní, “Òtútù ló ń mú un, bàbá.”

Gbogbo Kpoulou rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, àdín ti yọ́, mo gbé ọwọ́ kúrò, Ọ̀gá sì ya bàbá náà pẹ̀lú ẹ̀rín lójú wọn. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe títí iṣẹ́ fi parí, èmi ni mo di aṣọ òtútù fún díńgí. Ojú ènìyàn hàn kedere nínú àwọn fótò náà, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń ṣàn létí orí wọn níbi tí eérú ti borí àdín. Ṣé ẹ mọ ohun tí ará Kpoulou sọ? Wọ́n ní àwòrán Ọ̀gá Rájí ń fi ìmọ́lẹ̀ lé ènìyàn lórí. Àwọn ará Oko-Akarè wá lẹ́yìn náà, wọ́n ní irú ti Kpoulou làwọn fẹ́. Ọ̀gá yọ pákò lẹ́nu, wọ́n ní, “Ṣebí mo sọ fún ọ pé kó o máa fi eérú fọ̀ ọ́.”

Gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí Ọ̀gá tó kírun tán, mo ti fi àdín kun ojú àpótí. Ìyá Mulíkà máa ń fi èyí tó mọ́ jù pamọ́ fún mi nínú ìgò kékeré, wọn kì í tà á fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n àdín kan ò sí fún ẹyinjú. Ọ̀gá ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Wọ́n kí òpó ilé kú àárọ̀, nígbà tí òpó ò dáhùn wọ́n ní ìwà àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti bàjẹ́. A rẹ́rìn-ín, àmọ́ nínú mi, ń ṣe ni mò ń bẹ̀rù. Bí Ìyá Mulíkà bá dárúkọ dókítà, wọ́n á ní ẹni tí ojú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé e fún ẹlòmíràn gún.

Ní ọ̀sán kan tí oòrùn ràn gan-an, wọ́n pẹ́ lábẹ́ aṣọ dúdú. Wọ́n pè mí láti ibẹ̀, wọn ò yọ orí jáde.

“Àṣàkẹ́, ọyẹ́ ti lọ. Kí ló dé tí kò kúrò nínú àpótí yìí?”

Wọ́n tún ní, “Àbí inú mi ló wà?”

Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká máa wá ohun tí ìmọ́lẹ̀ pàdé lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká lọ wá a.”

Ilé ìwòsàn kan ní Àjàṣẹ́ la gbé wọn lọ. Dókítà ní díńgí kékeré kan wà nínú ẹyinjú olúkúlùkù, tiwọn ti di funfun, ìmọ́lẹ̀ ń fọ́n ká nínú rẹ̀, kò sí oògùn tí a lè fi pa á, yíyọ ni. Nígbà tó ní kò sí ohun tí a lè fi pa á, Ìyá Mulíkà wò mí, èmi náà wò wọ́n, ẹ̀rín fẹ́ pa wá níwájú dókítà. Bí wọ́n ṣe gbé Ọ̀gá wọlé báyìí ni ẹ̀rín náà di ẹkún. Bí kò bá yọrí sí rere ńkọ́? Mo jókòó nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ Ọlọ́run ìmàle wọn, mo sì bẹ òrìṣà ilé bàbá mi. Mo ní kí wọ́n fi ìjà sílẹ̀ lónìí.

Wọ́n gbọ́. Ọ̀gá padà sí Adja-Ouèrè pẹ̀lú awò tó nípọn bí ìdí ìgò. Gbogbo ìlú wá kí wọn, wọ́n ń dárúkọ ènìyàn lókèèrè, ẹnu yà wọ́n pé irun Ìyá Mulíkà ti funfun. Nínú ayọ̀ yẹn, mo gbàgbé pé ojú tó bá ti là á rí ohun gbogbo.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, mo dé ìsọ̀ pẹ̀lú ìgò àdín nínú ìdí ìró mi. Wọ́n ti débẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n ti yọ ojú àpótí, wọ́n ti nu àdín àná kúrò, wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n ń yí i.

Wọ́n ní, “Eérú.”

Mo kúnlẹ̀.

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ Kpoulou, Ọ̀gá.”

“Ta ló mọ̀?”

“Ìyá Mulíkà àti èmi.”

Mo ti ń rò ó pé ohun tí Ìyá Mulíkà bẹ̀rù ti dé, pé wọ́n á ká àpótí kúrò lónìí, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n dìde ni.

“Gbé àdín wá.”

Mo tú ìdí ìró mi. Wọ́n kán an sójú àpótí, wọ́n fi ìka pa á. Mo ní, “Ó pọ̀ jù, Ọ̀gá. Ẹ nù ún fẹ́lẹ́.” Mi ò kọ́ wọn ní nǹkan kan rí láyé mi. Wọ́n nù ún fẹ́lẹ́, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀, wọ́n wá nawọ́ sí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà.

“Lọ jókòó, Àṣàkẹ́.”

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìsọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò ya èmi rí. Ẹ̀yìn àpótí ni mo máa ń wà. Mi ò mọ ibi tí màá fi ọwọ́ sí. Mo gbé e lé orúnkún, mo tún gbé e kúrò. Wọ́n wọ abẹ́ aṣọ dúdú, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń pẹ́ nígbà tí ojú ń dùn wọ́n. Wọ́n ní kí n gbé orí sókè. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé omi ojú á fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká.

Fótò náà ló wà lórí ògiri lẹ́yìn yín yẹn, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣàn lára gèlè rẹ̀. Mo ra ẹ̀rọ oní-fíìmù lẹ́yìn náà, mo ra oní-kọ́lọ̀, mo kọ́ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ púpọ̀, mo yọwọ́ níṣẹ́. Nínú gbogbo fótò tí wọ́n yà ní ìsọ̀ yẹn, òun nìkan ni mi ò mọ bó ṣe rí lórí díńgí ẹ̀yìn, torí Ọ̀gá nìkan ló rí i. Nígbà tí wọ́n jáde lábẹ́ aṣọ, awò ojú wọn ti rin. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n ń fi etí agbádá nù ún, wọ́n ní àdín ló ta sí i.